Orin Àwọn Afọṣọ Dé Yàrá Bàbá

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ẹ kú ilé, ẹ kú àbójútó. Ara mi le, iṣẹ́ ń lọ, òtútù nìkan ló ń bá mi jà, èmi náà sì ń fi súwẹ́tà mẹ́ta bá a jà padà. Ẹ bá mi kí Àǹtí Nọ́ọ̀sì, àbúrò yín tí kì í gba gbẹ̀rẹ́. Ẹ bá mi kí télọ̀ àti gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ tó ń wá gbọ́ orin lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú nínú ṣọ́ọ̀bù tí ẹ ti ń ta rẹ́kọ́ọ̀dù nígbà kan.

Kí n tó sọ nǹkan mìíràn, mo ní ẹjọ́ láti rò. Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí tí ẹ kì í gbé fóònù mi mọ́. Bí ẹ bá tilẹ̀ gbé e, ẹ ó ní "Ẹ̀n? Kí lo wí?", ẹ ó sì ní kí n kọ lẹ́tà. Àǹtí ní ẹ sọ fún àwọn pé ohùn inú fóònù dà bí ọsàn tí wọ́n ti fún omi rẹ̀ tán. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ mi ni, mo mọ̀ pé fóònù máa ń gé ohùn lórí, á tún gé e nídìí. Ṣùgbọ́n ohùn ọmọ yín ni o, kì í ṣe orin. Ó dáa, lẹ́tà náà nìyí.

Ìròyìn ayọ̀ ni mo mú wá, ẹ fìdí lé àga dáadáa. Wọ́n ti gbé iṣẹ́ kan lé èmi nìkan lọ́wọ́. Kì í ṣe pé kí n máa gbé wáyà fún ẹlòmíràn, kì í ṣe pé kí n jókòó sẹ́yìn ọ̀gá kí n máa mi orí. Èmi nìkan. Wọ́n ń kọ́ gbọ̀ngàn tuntun kan sáàárín ìgboro, wọ́n ya yàrá kan sọ́tọ̀ nínú rẹ̀ fún orin gbígbọ́, orin tí mo bá sì ṣe ni wọ́n fẹ́ fi ṣí i.

Àwọn obìnrin tó ń fọ aṣọ fún ilé ìwòsàn ni mo lọ bá. Bí wọ́n bá ń ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì, ẹni méjì á di igun rẹ̀ mú, wọ́n á nà án, wọ́n á gbọ̀n ọ́n, wọ́n á ká a, orin á sì máa bá ọwọ́ wọn lọ. Mo ní kí wọ́n dúró yí mi ká nínú ilé ìfọṣọ wọn. Mo gbé ẹ̀rọ mi sí àárín, mo sì gba ohùn wọn bó ṣe ń ti iwájú, ẹ̀yìn, ọ̀tún àti òsì wá. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ á to sípíkà márùn-ún yí ara rẹ̀ ká, pẹ̀lú ọ̀kan tó sanra tó máa ń kù rìrì nísàlẹ̀. Orin ayíniká là ń pè é níbí. Bí ènìyàn bá jókòó sáàárín rẹ̀, á fẹ́ na ọwọ́ kó bá wọn di igun aṣọ mú.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń bọ̀ nílé ti gba àpótí lọ́wọ́ mi. Sípíkà wà nínú rẹ̀, wáyà wà níbẹ̀, fláàṣì tí orin wà nínú rẹ̀ wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìwé tí mo ya bí ẹ ó ṣe tò wọ́n sí. Mo fi ẹ̀bùn kan kún un. Àwo orin tó ní páálí búlúù, èyí tí ẹ máa ń gbé jáde bí àlejò pàtàkì bá dé, mo rí ẹ̀dà rẹ̀ kan níbí tó dà bí ẹni pé ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án rí. Mo ti gbà á sínú kọ̀ǹpútà fún yín, ó mọ́ tónítóní.

Ìparí oṣù kẹfà ni mo gbọ́dọ̀ fi orúkọ mi sí iṣẹ́ àwọn afọṣọ yìí. Ẹ mọ̀ pé n kò fi orúkọ sí iṣẹ́ kankan rí kí ẹ tó gbọ́ ọ. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní gbígbọ́. Ẹ sọ bó ṣe rí fún mi, ẹ má pọ́n mi lé.

Èmi ni, ọmọ yín tí ẹ sọ ní Elétí Ehoro.


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta

Elétí Ehoro mi,

O kú àjò, o kú iṣẹ́, o kú òtútù. Lẹ́tà rẹ dé, àpótí dé, ọ̀rẹ́ rẹ náà dé láyọ̀. Ọmọ dáadáa ni, ṣùgbọ́n ó máa ń sọ̀rọ̀ nígbà tí orin bá ń lọ. Bá mi kìlọ̀ fún un.

Kí a tó ṣí àpótí, mo ka lẹ́tà rẹ fún ẹgbẹ́. Ibi tí o kọ "èmi nìkan" sí, mo tún un kà nítorí télọ̀, nítorí òun ló bi mí lọ́jọ́sí pé kí ni obìnrin ń wá nídìí wáyà. Ó ní òun ò sọ bẹ́ẹ̀ rí. Mo tún un kà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ilẹ̀ ló ń wò.

Àwọn sípíkà rẹ ń dán bíi bàtà tuntun. Mo to gbogbo wọn sórí kọ́bọ́ọ̀dù tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún àga mi, ọ̀kan lórí èkejì, kí ẹni tó bá wọlé kọ́kọ́ rí wọn kó tó rí mi. Mo rí ìwé tí o yà. O ní kí n gbé méjì sẹ́yìn mi. Ọmọ mi, ta ní ń kí àgbà láti ẹ̀yìn? Ẹni tó bá ní nǹkan bá mi sọ, kó gba iwájú wá, kí n rí ojú rẹ̀. Orin náà kò yọ sílẹ̀ nínú ìyẹn.

Wàyí o, ọ̀ràn ńlá wà nílẹ̀. Agogo wa ti sọnù.

O mọ àwo búlúù yẹn bí o ṣe mọ ìlà ọwọ́ rẹ. O mọ̀ pé ní ẹsẹ̀ kejì, bí ọkùnrin tó ń kọrin náà bá ti pe orúkọ ìyàwó rẹ̀ tán, agogo máa ń dún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: kó! Ibẹ̀ ni mo fi ń dán ọmọ ẹgbẹ́ tuntun wò. Ẹni tí kò bá gbọ́ ọ, kó padà sílé lọ fọ etí. Gbogbo wa la sì máa ń fi ìka kan tábìlì nígbà tó bá dún. A fi ti inú fláàṣì rẹ sí i. Ọkùnrin náà pe ìyàwó rẹ̀, gbogbo wa gbé ìka, a kan tábìlì, kò sí agogo! Ìka tiwa nìkan là ń gbọ́. A tún fi í sí i, kò sí. Télọ̀ fò dìde, ó ní, "Wọ́n ti jí agogo wa!" Àǹtí rẹ ní kó jókòó kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ má baà ru.

Ohun tí mo ti ń sọ nípa orin kọ̀ǹpútà láti ọjọ́ yìí nìyẹn. Kò wúwo. Ènìyàn ò lè nu eruku ara rẹ̀. Ènìyàn ò lè yá ọ̀rẹ́, kí ọ̀rẹ́ má dá a padà, kí a wá tìtorí rẹ̀ bínú síra wa. Rẹ́kọ́ọ̀dù, n ó yọ ọ́ nínú páálí, n ó mú un létí-létí kí ọwọ́ má kan ojú rẹ̀, n ó rọra sọ abẹ́rẹ́ lé e. Kí orin tó bẹ̀rẹ̀, ara mi ti silẹ̀. Ẹ̀yin tẹ nǹkan báyìí, ó bú jáde lójijì bí ẹni tí kò kan ilẹ̀kùn. Sọ fún àwọn tó ṣe é pé kí wọ́n dá agogo wa padà.

Orin àwọn afọṣọ, mo gbọ́ ọ. Ó dára. O káre.

Bàbá rẹ ni, tó ń gbé orí ga kiri àdúgbò nítorí rẹ.


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹta

Bàbá mi,

Ẹ káàárọ̀, ẹ káàsán, ẹ káalẹ́, ìgbà yòówù tí ìwé yìí bá bá yín. Inú mi dùn pé àpótí dé láìfọ́.

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ẹnikẹ́ni ò jí agogo yín. Ẹ gbé àwo náà síta sínú oòrùn, ẹ dà á dẹ̀gbẹ́ díẹ̀, ẹ ó rí ojú ọgbẹ́ kékeré kan lára rẹ̀, kò ju ẹnu abẹ́rẹ́ lọ. Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ló ń kọsẹ̀ níbẹ̀ tó ń ṣe "kó". Ẹ̀dà tí mo rí níbí kò lọ́gbẹ́, ìdí tí kò fi ní agogo nìyẹn. Ẹ má bínú. Ọjọ́ tí èmi náà gbọ́ ọ, ìka mi ti gbéra kí n tó mọ̀, mo kan tábìlì lásán níwájú àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́.

Ẹ ní orin kọ̀ǹpútà kò wúwo. Òótọ́ ni, ohun tí mo fẹ́ràn nínú rẹ̀ gan-an nìyẹn. Àwọn obìnrin méjìlá wọ inú àpò ọ̀rẹ́ mi, wọ́n dé ọ̀dọ̀ yín, kò sí ẹni tó ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ nínú wọn. Àwo mélòó ló ti fọ́ mọ́ yín lọ́wọ́? Ẹ rántí èyí tí mo jókòó lé nígbà tí mo wà ní kékeré? Ọjọ́ méjì lẹ ò fi bá mi sọ̀rọ̀. Ká ní inú kọ̀ǹpútà ló wà ni, ẹ ò bá ṣì máa gbọ́ ọ di òní. Mi ò sọ pé rẹ́kọ́ọ̀dù kò dára o. Ó ní ara, ó ní òórùn, ó sì ń mú ènìyàn jókòó. Ṣùgbọ́n ọ̀nà méjì péré ni ohùn ní lára rẹ̀, ọ̀tún àti òsì. Àwọn obìnrin mi dúró yípo, n kò sì lè fi ẹnikẹ́ni nínú wọn sílẹ̀ sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Nítorí náà ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ àwọn sípíkà yẹn kalẹ̀ lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Wọn kì í ṣe ife ẹ̀yẹ. Bí ẹ bá tò wọ́n lé ara wọn, ṣe ni ẹ kó àwọn ìyá olóhùn wọ̀nyẹn sínú àpò kan tí ẹ so ẹnu rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó dùn mí wá kù. "Ó dára." Bàbá, irú ọ̀rọ̀ wo nìyẹn? Nígbà tí mo wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mo kọrin fún yín, ẹ ní ìlà kejì ń tiro. Mo sunkún, mo tún un kọ, ẹ ní ó ṣì ń tiro ṣùgbọ́n ó ti ju ọ̀pá sílẹ̀. Iṣẹ́ tí mo bá wọn dá sí lọ́dún tó kọjá, ojú ìwé mẹ́rin lẹ fi tú u palẹ̀. Èyí tó jẹ́ tèmi látòkè délẹ̀, "ó dára". Ọmọ aládùúgbò là ń sọ bẹ́ẹ̀ fún. Ẹ tún un gbọ́, kí ẹ bá mi wí bí ẹ ṣe máa ń bá mi wí.

Èmi ọmọ yín, tí ebi ìbáwí ń pa.


Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹrin

Ọmọ mi,

Mo rí ìwé rẹ gbà. Ara wa le.

A gbé àwo náà sínú oòrùn. Ọgbẹ́ wà níbẹ̀. Àǹtí rẹ rí i, télọ̀ rí i, èmi náà wọ jígí mo rí i. A ṣe ìpàdé lé e lórí. Ìpinnu ẹgbẹ́ ni pé agogo dúró sáyè rẹ̀. Àwo tiwa ni, ọgbẹ́ tiwa ni, agogo tiwa ni. Ẹni tí kò bá fẹ́, kó máa gbọ́ tirẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà.

Èyí tí o jókòó lé, mo ti dárí ẹ̀ jì ọ́ tipẹ́. Má hú u jáde mọ́.

Sípíkà wà níbi tí wọ́n wà. Nínú ilé mi, èmi ni mo ń sọ ibi tí nǹkan á gbé. Mo sì ti sọ pé orin rẹ dára. Ṣé kí n wá máa gbé awò kiri, kí n máa wá ẹ̀ṣẹ̀ sí i lọ́rùn ni? O ti dàgbà, o ti ń dá ṣiṣẹ́. Kò pọn dandan kí n sọ̀rọ̀ lórí gbogbo nǹkan.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹrin

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo kí yín bí ọmọ ṣe ń kí bàbá, ṣùgbọ́n inú mi ò dùn, n kò sì ní díbọ́n.

Mo ti rò ó síwá, mo ti rò ó sẹ́yìn. Ohun tó yé mi ni pé ẹ ò ka iṣẹ́ mi sí iṣẹ́ gidi. Nítorí pé kò sí lára àwo, nítorí pé kò sí abẹ́rẹ́ nídìí rẹ̀, ẹ ṣe bí ẹni tí wọ́n gbé oúnjẹ fún tó tọ́ ọ wò tó ní òun ti yó. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ sọ fún mi. Èmi náà ní ìgbéraga, ẹ̀yin lẹ bí mi. Iṣẹ́ yìí kì í ṣe ìyanjẹ. Mo bá àwọn obìnrin yẹn ká aṣọ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko kí n tó gbé ẹ̀rọ jáde, torí mo fẹ́ mọ ibi tí ẹnì kọ̀ọ̀kan máa ń dúró sí àti ìgbà tó máa ń yí ara padà. Ọwọ́ mi bó. Kò sí ẹni tó ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀, ìlànà tí mo jogún nílé ni.

Ohun tí mo ti pinnu nìyí. Bí ẹ ò bá gbọ́ ọ bí mo ṣe ní kí ẹ gbọ́ ọ, n kò ní fi orúkọ mi sí i. Kí ọ̀gá fi orúkọ ilé iṣẹ́ sí i, kí wọ́n ṣí yàrá wọn. Mi ò halẹ̀ mọ́ yín, Bàbá. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi orúkọ sí nǹkan tí ẹ kò gbọ́ ni.

Ọmọ yín.


Ogúnjọ́, oṣù karùn-ún

Bàbá,

Lẹ́tà yín ò dé. Àǹtí náà ò gbé fóònù, bí wọ́n bá sì gbé e, wọ́n á ní àwọn ń lọ sọ́jà. Ọjọ́ wo ni ọjà ń bọ́ sí gbogbo ìgbà tí mo bá pè? Bí ẹ bá ń bínú sí mi, ẹ kọ ọ́. Bó bá jẹ́ pé ara yín ni kò yá, ẹ tètè kọ ọ́. Mo ti sọ fún ọ̀gá pé kó fi àyè orúkọ sílẹ̀ lófìfo.

Èmi ni.


Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù karùn-ún

Elétí Ehoro mi, ọmọ tó jọ mí jù,

Bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí, Àǹtí rẹ jókòó tì mí, ó ń wo bírò mi. Ó ní bí n kò bá kọ ọ́, òun á kọ ọ́, òun ò sì ní fi iyọ̀ sí i.

Ọjọ́ Àìkú kan báyìí, ó wá dúró lápá òsì mi níwájú gbogbo ẹgbẹ́. Ó rọra bú mi. Ó pè mí ní olórí kunkun, ó pè mí ní arúgbó tó ń tan ara rẹ̀. Èmi ń rẹ́rìn-ín músẹ́, mo ń fi orí gbá orin lọ ní tèmi. Ó bọ́ sápá ọ̀tún, ó tún un sọ bákan náà. Ìgbà yẹn ni mo tó yíjú sí i.

Etí òsì mi ti kú, ọmọ mi. Kò sọ fún mi kó tó lọ. Mo kọ́kọ́ rò pé fóònù ló bàjẹ́, torí ọwọ́ òsì ni mo fi ń gbé e sétí. Mo ra tuntun, ó tún yadi. Mo ra òmíràn, mo bá ẹni tó tà á fún mi jà níta gbangba pé oníjìbìtì ni. Lọ́jọ́ kan mo ṣèèṣì gbé e sí etí ọ̀tún, ni mo bá gbọ́ ohùn ọkùnrin náà ketekete, tó ń ṣépè fún mi. Ojú tì mí. Èmi tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Etí Ọba! Báwo ni mo ṣe fẹ́ kọ ọ́ sí ìwọ tí mo kọ́ ní gbígbọ́ pé ọ̀gá rẹ ti di elétí kan?

Ìdí tí mo fi to sípíkà jọ sọ́wọ́ ọ̀tún nìyẹn. Ọ̀rọ̀ àgbà tí wọn kì í kí láti ẹ̀yìn, mo fi bojú ni, àmọ́ mo fẹ́ràn rẹ̀, ó dùn lẹ́nu. Ohun tí mo gbọ́ lọ́jọ́ yẹn, ariwo obìnrin tó rọ́ lu ara wọn ni. N kò rí orí rẹ̀, n kò rí ìdí rẹ̀. Mo bá kọ "ó dára".

Ṣùgbọ́n ibi tí o ti ní ìwọ ò ní fi orúkọ sí i, ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí n jẹun. Mo ní irọ́ ni. Ọmọ mi kan ò ní ṣiṣẹ́ kó bó lọ́wọ́ kí wọ́n wá kọ orúkọ ilé iṣẹ́ sí i nítorí agídí mi. Mo ní kí wọ́n gbé ìwé tí o yà jáde. Télọ̀ mú tepù rẹ̀ wá, ó wọn yàrá káàkiri bí ẹni fẹ́ dá ṣòkòtò fún un. Wọ́n gbé sípíkà kọ̀ọ̀kan sí ibi tí o wí. Mo lọ gbé àga onírin tó ń yí, èyí tí mo máa ń jókòó lé nídìí káńtà, mo gbé e sáàárín. Mo rò ó pé bí etí kan ò bá lè gbọ́ gbogbo ẹ̀gbẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, mo lè gbé e lọ bá ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Mo kọjú sí ògiri kan, mo gbọ́ orin náà tán. Mo yí àga, mo kọ etí ọ̀tún sí ògiri mìíràn, mo tún gbọ́ ọ tán. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe yí po.

Áà, ọmọ yìí! Mo gbọ́ aṣọ tí wọ́n ń gbọ̀n. Mo gbọ́ ẹnì kan tó ń wọ́ bàtà rọ́bà nílẹ̀ olómi. Mo gbọ́ èyí tó ń rẹ́rìn-ín sínú kó tó gbe orin, mo sì mọ̀ pé ìkejì rẹ̀ ló fa igun aṣọ mọ́ ọn lọ́wọ́. Láti ọjọ́ tí mo ti ń sọ abẹ́rẹ́ lé àwo, kò sí àwo tó gbé mi wọ inú yàrá ẹlòmíràn bẹ́ẹ̀ rí. Má sọ fún ẹgbẹ́ pé mo wí bẹ́ẹ̀.

O ní kí n má pọ́n ọ lé, n kò sì ní pọ́n ọ lé. Obìnrin kan wà lẹ́yìn lápá òsì, tó ti dàgbà díẹ̀, tí ohùn rẹ̀ há. Ní ìbẹ̀rẹ̀ orin, ó máa ń mí kó tó gbé ìlà tirẹ̀. Nígbà tó dàárín, ó kọ ìlà gígùn mẹ́ta léra, kò mí. Mo tún àga yí kí n má baà purọ́ mọ́ ọ. Kò mí! Ṣé rọ́bà ni wọ́n fi ṣe é ni? Ìwọ lo fi kọ̀ǹpútà gé èémí rẹ̀ dànù. Bí ó bá jẹ́ àwo ni, ì bá wà níbẹ̀, torí àwo kì í lè yan ohun tó máa gbà. Ẹ̀yin tí ẹ lè gé nǹkan, ẹ gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ẹ ń gé. Dá èémí ìyá yẹn padà fún un, kí o fi ránṣẹ́ kí n tún gbọ́.

Bàbá rẹ, elétí kan tó ṣì ń gbọ́.


Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹfà

Bàbá mi, Etí Ọba,

Mo kúnlẹ̀, n kò tíì dìde. Inú ọkọ̀ ni mo ti ka lẹ́tà yín nígbà tí mo ń lọ síbi iṣẹ́, mo sunkún tó bẹ́ẹ̀ tí obìnrin tó jókòó tì mí fi na áńkáṣíìfù sí mi. Lẹ́yìn náà inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi. Fóònù méjì! Ẹ bá ọlọ́jà jà dípò kí ẹ sọ fún ọmọ yín! Ẹ lọ rí dókítà etí lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ̀bẹ̀ kọ́ ni mo ń bẹ̀. Àǹtí á mú yín lọ, mo ti bá wọn sọ ọ́.

Òótọ́ lẹ sọ, mo gé èémí náà. Ikọ́ ń ṣe ìyá yẹn nígbà tá a gba orin, bó bá ń mí, àyà rẹ̀ á máa fọn díẹ̀. Ọ̀gá ní kí ibẹ̀ mọ́, èmi náà sì fẹ́ kó mọ́. Gbogbo ilé iṣẹ́ yìí ló gbọ́ ọ lẹ́yìn náà, olúkúlùkù pẹ̀lú etí méjì, kò sí ẹni tó béèrè pé ìgbà wo ni ìyá yìí mí. Ẹ̀yin lẹ béèrè. Mo fọ́nnu nípa yín débi pé ó sú wọn.

Mo dá a padà. Ọ̀gá gbọ́ ọ, ó ní, "Ariwo kí nìyẹn?" Mo ní, "Ènìyàn ni." Ó ní kí n yọ ọ́. Mo ní n kò ní yọ ọ́. Mo lọ pe ìyá náà fúnra rẹ̀ wá láti ilé ìfọṣọ, mo ní kó jókòó sáàárín. Nígbà tó débẹ̀, ó fọwọ́ gbá àyà, ó ní, "Èmi rèé! Èmi gan-an rèé!" Ọ̀gá wo ìyá náà, ó wo èmi, ó ní kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo ti fi tuntun ránṣẹ́ sórí fóònù Àǹtí. Méjì ló wà níbẹ̀. Èkínní ni ayíniká. Èkejì, ẹ̀yin nìkan ni mo ṣe é fún. Mo kó gbogbo ohùn náà sójú kan bíi ti àwọn àwo àtijọ́, kí ẹ lè fi etí ọ̀tún gbọ́ ọ láì yí àga kankan.

Ohun kan kù. Wọ́n fẹ́ gbẹ́ orúkọ mi sára pátákó ẹnu ọ̀nà yàrá náà. Wọ́n ní orúkọ ìdílé wa ti gùn jù, wọ́n bi mí bóyá kí àwọn gé e kúrú. Mo ní kí wọ́n fún mi láyè. N kò tíì mọ̀ bóyá orúkọ kan máa wà níbẹ̀ rárá, nígbà tí n kò tíì gbọ́ ohun tí ẹ fẹ́ wí.

Ọmọ yín, tó ń dúró dè yín.


Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kẹfà

Ọmọ mi, ìgbéraga mi,

A ti rí dókítà. Etí òsì ò ní padà wá. Ó ní èyí tó kù ń gbọ́ bíi ti ọ̀dọ́mọkùnrin. Mo ní kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó fi òǹtẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Mo ti fi han télọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní òun náà á lọ gba tirẹ̀.

Mo ti sọ ọ̀rọ̀ etí náà fún gbogbo ẹgbẹ́ pẹ̀lú ẹnu ara mi. Wọ́n ní àwọn ti mọ̀ tipẹ́, ẹ̀rù ìbínú mi ló ń bà wọ́n. Mo tún lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọkùnrin tó ta fóònù. Ó dárí jì mí, ó sì fẹ́ ta òmíràn fún mi.

Èkejì tí o ṣe fún mi nìkan, n kò gbọ́ ọ. O ṣé, mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló fà á. Ṣùgbọ́n ṣé ìdajì ọmọ mi ni kí n gbọ́? Fi í pamọ́ fún ẹni tí kò ní àga. Èyí tí o ṣe fún gbogbo ayé ni mo gbọ́. Mo ní kí wọ́n ti ilẹ̀kùn, mo gbé bírò àti ìwé lé orúnkún, torí ojú ìwé mẹ́rin ni mo pèsè sílẹ̀ láti fi bá ọ wí. Mo yí láti ògiri dé ògiri. Ìyá yẹn mí. Ó mí bí ẹni tó ti ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ tí kò sì tíì ṣetán láti jókòó. Mo tún un gbọ́, mo ń wá ibi tí mo máa gbá mú, n kò rí. Ìwé funfun báláú ló wà lórí orúnkún mi. Mo gbọ́ àwọn obìnrin méjèèjìlá, mo sì gbọ́ ẹnì kan sí i, tó dúró jẹ́ẹ́ sáàárín wọn, tí kò jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ dún, tó fún gbogbo wọn láyè. Ìwọ nìyẹn. Ìwọ ni mo gbọ́ jù.

N kò sọ pé ó dára o. Mo ní ó pé.

Nítorí náà lọ bá wọn. Bàbá mi jẹ́ orúkọ yẹn, ó sì kú láìgé e. Èmi ń jẹ́ ẹ. Sọ fún wọn pé kí wọ́n gbẹ́ ẹ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, pẹ̀lú àmì orí rẹ̀ àti ti ìdí rẹ̀. Bí pátákó wọn bá kéré, kí wọ́n lọ gé òmíràn.

Bàbá rẹ.